Ọ̀dà Lórí Pákó Àtijọ́: Ọ̀nà Tí Pálọ̀ Lè Gbà Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lálẹ́ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọjà. Ọ̀rọ̀ pálọ̀ ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ pálọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ, láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ó sì ti mú kí àwọn kan padà sí Èkó láìdágbére nígbà tí ọdún kò tíì parí.

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo tí ó dorí kọ ọ̀nà Ọ̀fà, yóò kan Ìkìrun, lẹ́yìn náà Ìnísà, kí ó tó dé Òkukù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kò ṣọ̀wọ́n ní àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ògiri wọn jẹ́ amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, páànù ni ó bo orí wọn, pákó sì ni fèrèsé wọn. Bí àlejò bá gun àtẹ̀gùn tí ó sì wọ pálọ̀ òkè, ohun tí yóò kọ́kọ́ pàdé ni òkùnkùn. Ọ̀sán gangan ni lóde, ṣùgbọ́n nínú ilé, àfi kí ènìyàn dúró díẹ̀ kí ojú rẹ̀ ó tó mọ ibi tí àga wà. Pákó ni a fi ṣe àjà ilé, pákó ni a fi pín yàrá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àwọn ilé mìíràn sì rèé, pákó ni a fi bo ara ògiri láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Pákó wọ̀nyí kò dúdú ní ọjọ́ tí a kàn wọ́n mọ́bẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí irin náà fi gba ẹ̀bá Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ọkọ̀ yìí ni ó kó páànù, sìmẹ́ńtì, ìṣó àti ọ̀dà wá láti Èkó. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì bọ̀, tàbí lọ́wọ́ àwọn tí àwọn Àgùdà kọ́, ni wọ́n tan àṣà ilé alátẹ̀gùn àti fèrèsé ẹlẹ́wà ká ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí owó kòkó àti owó obì dé, ẹni tí ó bá rí jájẹ fẹ́ kí ilé òun fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìrókò ni àwọn ọlọ́lá ń béèrè fún, nítorí pé ikán kì í tètè ká a. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ìrókò, àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin. Ọ̀gánwó máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Pálọ̀ tí a fi irú pákó bẹ́ẹ̀ ṣe, ní ọdún tí a kọ́ ọ, kò jọ ibi òkùnkùn rárá.

Ṣùgbọ́n igi kì í dúró sí ojú kan. Atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ fúnra wọn a máa mú kí àwọ̀ ìrókò àti ti ọ̀gánwó dúdú sí i. Fáníìṣì tí a fi kùn wọ́n a máa pọ́n, a sì máa ṣú bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èéfín àtùpà elépo tí wọ́n ń tàn ní alaalẹ́ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí iná mọ̀nàmọ́ná tó dé kò níbòmíràn tí yóò lọ ju àjà ilé lọ. Nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1970, tí owó epo rọ̀bì gba ìlú kan, àṣà mìíràn tún dé. Páálí igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń pè ní pláíwúùdù, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Sàpẹ́lẹ̀ ń ṣe, ni àwọn ènìyàn ń rà tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, wọ́n á sì fi àwọ̀ ilẹ̀ dúdúdúdú kùn ún. Ó gbayì nígbà náà. Ọ́fíìsì ọ̀gá ń lò ó, pálọ̀ ọ̀gá náà sì ń lò ó. Lónìí, ẹni tí ó bá jókòó sínú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán ní láti tan iná kí ó tó lè ka ìwé.

Ó yẹ kí a rántí pé òkùnkùn inú ilé kì í ṣe àbùkù lójú àwọn àgbà àtijọ́. Nínú agbo ilé ìgbà náà, àárín àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ wà. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Yàrá wà fún oorun àti fún ẹrù. Bí ó bá ṣókùnkùn, ó tutù nìyẹn, ojú ọlọ́jú kò sì ní tó ohun tí a tọ́jú síbẹ̀. Ìgbà tí a gbé ìjókòó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sínú pálọ̀ òkè, tí a kò sì gbé ìmọ́lẹ̀ àgbàlá lọ pẹ̀lú rẹ̀, ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ìjà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, báyìí ni ó ṣe máa ń rí. Ọdún ń bọ̀, ìbáà ṣe Kérésìmesì, ìbáà ṣe Iléyá, ìbáà sì ṣe ọdún Olóòkù fún àwọn ará Òkukù. Àwọn ọmọ ti ń palẹ̀ mọ́ láti wálé. Ọ̀kan nínú wọn gbé garawa ọ̀dà funfun méjì sẹ́yìn ọkọ̀. Bí ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bàbá àgbà tí ó kù nínú ilé béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

“Ọ̀dà ni, Bàbá. A fẹ́ fi kun pálọ̀ kí ó lè mọ́lẹ̀. Àlejò pọ̀ tí ń bọ̀.”

“Ṣé pákó yìí ni ẹ fẹ́ fi ọ̀dà kùn? Ṣé ẹ mọ iye tí bàbá yín san fún káfíńtà tí ó fá a? Ṣé ẹ mọ iye ọjọ́ tí ó fi wà lẹ́nu rẹ̀?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. A kò ní kí a yọ ọ́ dànù. Àwọ̀ nìkan ni a fẹ́ yí padà.”

“Ẹni tí ó bá fi ẹfun bo ojú bàbá rẹ̀, ṣé ó ṣì lè dá a mọ̀ lójú ọ̀nà?”

Ọ̀rọ̀ dé ibi tí kò ṣeé dáhùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ẹjọ́ yìí yóò rí i pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre. Ọmọ kò purọ́ pé ilé ṣókùnkùn. Bàbá náà kò sì purọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni pákó yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ tí a bá sì fi ọ̀dà bò, kò rọrùn láti ṣí padà. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi òfin kan náà de gbogbo pákó. Ìrókò tí wọ́n fi ọwọ́ fá, tí wọ́n sì gbẹ́ ọnà sí létí, kì í ṣe ẹgbẹ́ páálí igi tí wọ́n rà lọ́jà ní ọdún 1975. Fún èyí èkejì, kí wọ́n kùn ún láìrojọ́. Fún èyí àkọ́kọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ apá kan rẹ̀ wò ná. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí a pè ní àwọ̀ igi kì í ṣe nǹkan mìíràn ju èéfín ogójì ọdún lọ, bí ó bá sì ti ṣí kúrò, ìjà yóò tú ká.

Àwọn kan a tún máa sọ pé fífi ọ̀dà kun igi jẹ́ àṣà òyìnbó, pé Yorùbá kì í bo igi lójú. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá ti ń kun igi tipẹ́tipẹ́: ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, wájì tàbí aró fún dúdú àti búlúù. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ tí àwọn òyìnbó ń kó wá dé ọjà, àwọn agbẹ́gilére kò kọ̀ ọ́, wọ́n fi kún àwọ̀ tiwọn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, a máa fi àwọ̀ kun iṣẹ́ rẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó kú ní ọdún 2009, ní tirẹ̀, fi àwọ̀ igi sílẹ̀ bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ọmọ Yorùbá, àwọn méjèèjì sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní ti ògiri, àwọn obìnrin ni wọ́n ń kun ojúbọ òrìṣà, wọn a sì máa tún un kùn bí ọdún òrìṣà náà bá ti ń sún mọ́lé. Nítorí náà, bí ọmọ bá gbé ọ̀dà wálé nítorí ọdún, kò dá àṣà tuntun sílẹ̀.

Kí a wá sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹni tí kò bá mọ irú igi tí ó wà lára ògiri rẹ̀ ni yóò kun ọ̀dà funfun lónìí, tí yóò sì rí àbàwọ́n pupa àti àbàwọ́n ilẹ̀ lójú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìrókò àti ọ̀gánwó ní omi ara tí a máa yọ gba inú ọ̀dà jáde. Ti ìrókò tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ lè máà jẹ́ kí ọ̀dà elépo gbẹ bọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta lè pé kí ó ṣì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ọ̀dà funfun tí a bá tún kùn lé e ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kò lè dí i. Ohun tí ó lè dí i ni ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a dìídì ṣe fún irú igi bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí a fi ṣẹ́lákì ṣe. Arère ní tirẹ̀ kò ní wàhálà yìí. Igi funfun ni, ó fúyẹ́, ó sì ń gba ọ̀dà dáadáa. Àléébù tirẹ̀ ni pé kòkòrò àti ikán fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Nítorí ikán yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì kí ó tó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan pákó rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ibi tí ó bá dún kótokòto bí ìgbá òfìfo, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ojú nìkan ni ó kù. Ọ̀dà yóò bo ojú náà dáadáa, ilé yóò sì dára fún ọdún kan tàbí méjì, títí di ọjọ́ tí ọmọdé yóò fara ti pákó náà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀ lọ. Kí a yọ irú pákó bẹ́ẹ̀, kí a sì wá ibi tí omi tàbí ikán ti ń wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni fífọ̀. Ọ̀rá ọwọ́, òróró orí ẹni tí ń fara ti ògiri, àti èéfín àtùpà kì í jẹ́ kí ọ̀dà di igi mú. Kí a fọ̀ ọ́, kí a fi omi mìíràn ṣàn án, kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ dénú. Kí a fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ kí dídán fáníìṣì lè kúrò, nítorí ọ̀dà tí a kùn lé orí ohun tí ń dán yóò ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Kí a wá kun ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí a sì fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ̀lé e ní ẹ̀ẹ̀mejì, kì í ṣe kí a kùn ún nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé ọdún ku ọ̀la. Ní agbègbè Ọ̀ṣun, àkókò òjò kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé igi tí ó ti mu omi yóò gbọn ọ̀dà dànù bí ó bá gbẹ. Oṣù kọkànlá dára, bí òjò bá ti dá. Bí ọyẹ́ bá ti mú gan-an, igi gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ yóò bà lé ọ̀dà tútù.

Àwọ̀ wo ni kí a lò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré mú funfun tí ń dán gbinrin. Dídán náà ni ìṣòro. Gbogbo orí ìṣó, gbogbo ibi tí káfíńtà ti ṣìnà, ni yóò hàn kedere, oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò sì máa kọ mọ̀nà sí àlejò lójú. Funfun tí ó fara jọ àwọ̀ wàrà, tí dídán rẹ̀ mọ níwọ̀n, sàn jù. Funfun tuntun a máa dá bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bà á padà sínú yàrá. Pákó dúdú kì í dá ju ìdá kan tàbí méjì lọ, ó gbé ìyókù mì. Ìdí nìyí tí gílóòbù kan ṣoṣo fi lè tó fún yàrá tí a kùn, tí méjì kò sì ní tó fún èyí tí a kò kùn. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tí ń bọ̀, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, àjà ilé ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá fèrèsé wọlé máa ń kan ilẹ̀, a sì fò lọ sókè. Bí ó bá bá òkè dúdú, ibẹ̀ ni ó kú sí. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó jẹ́ pé àjà nìkan ni wọn ìbá kùn, kí wọ́n sì fi pákó ara ògiri sílẹ̀ fún bàbá àgbà. Ẹni tí kò bá sì dá a lójú, kí ó na aṣọ funfun bo pákó apá kan fún ọjọ́ méjì, kí gbogbo ará ilé jókòó síbẹ̀ lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Aṣọ kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ti parí àríyànjiyàn ju ẹnu lọ.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí ó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Bí pákó náà bá ti ní ọ̀dà àtijọ́ lára tẹ́lẹ̀, kí a ṣọ́ra gidigidi. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà elépo tí a kùn láyé àtijọ́, kì í sì ṣe láyé àtijọ́ nìkan: ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 lórí ọ̀dà tí a ń tà ní Nàìjíríà rí òjé púpọ̀ nínú wọn. Òjé tí ó wà lára ògiri jẹ́ẹ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìgbà tí a bá fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ tí ó di eruku, ni ó di oró. Ọmọdé a máa rá lórí ilẹ̀, a máa fi ọwọ́ sẹ́nu; òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í sì í ṣeé tún ṣe. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, eruku òjé láti ara òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní irinwó. Iye tí ó wà nínú ọ̀dà pálọ̀ kan kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n oró kan náà ni.

Nítorí náà, kí a kó àwọn ọmọdé àti aboyún kúrò nínú ilé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí a fi omi rin ojú pákó kí a tó ha á, kí ó má baà di eruku. Kí a tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí akunlé lo ìbòmú tí a ṣe fún eruku olóró, kí a má sì fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ náà ní gbígbẹ. Aṣọ tútù ni kí a fi nù ún. Kí a má ṣe fi iná jó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára igi. Bí ọ̀dà àtijọ́ náà bá ṣì di igi mú dáadáa, ó sàn kí a fọ̀ ọ́ kí a sì kun tuntun lé e lórí ju kí a ha á lọ. Pákó tí a bá yọ kúrò, tí ọ̀dà wà lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ dé ìdí ààrò. Igi gbígbẹ ni lóòótọ́, iná a sì máa ràn mọ́ ọn kíá, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá fi dáná ọbẹ̀ ti fi èéfín òjé bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, eérú rẹ̀ yóò sì wà ní ẹ̀yìnkùnlé níbi tí adìyẹ ti ń ṣa nǹkan jẹ.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí a ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí òórùn ọ̀dà lọ, kí a tó gbé fọ́tò àwọn òbí padà sí ara ògiri. Àwọn ìdílé kan tí ọ̀rọ̀ náà le láàárín wọn a máa fi pákó kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láìkùn, ní àwọ̀ ìrókò tí bàbá wọn rà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà lè ti ilẹ̀kùn sẹ́yìn kí ó sì wò ó.